Mo Fi Ayé Mi Fọ Ìwé Láìlo Omi

Ẹ̀yin ọmọ ìjọ wa tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ yege nínú ìdánwò bááki tí wọ́n fi ń jáde girama, tí ẹ máa ń wá jókòó sábẹ́ igi máńgòrò mi ní Èkpè níbí lẹ́yìn ìsìn, tí ẹ ń jẹ ẹ̀pà mi, tí ẹ sì ń bi mí pé, "Táńtì Felisí, iṣẹ́ wo gan-an lẹ ṣe láyé yín?" Ó dáa, ẹ sún mọ́ mi. Ṣùgbọ́n ẹ kó èèpo ẹ̀pà sínú abọ́ o. Ẹni tó bá ti fi gbogbo ayé rẹ̀ wá ìdọ̀tí kiri lójú ìwé, kò lè rí i nílẹ̀ kó gbójú kúrò. Àìsàn iṣẹ́ mi nìyẹn, kò sì sí ilé ìwòsàn tó ní oògùn rẹ̀.

Iṣẹ́ mi ni pé mo máa ń fọ ìwé láìfi omi kàn án. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín, mo ń bọ̀. Ìwé tí òjò ti pa, tí epo ti ta sí, tí èéfín ti sọ di dúdú, tí aáyán ti jẹ létí, wọn á gbé e wá bá wa. A ó ya àwòrán rẹ̀ sínú ẹ̀rọ, a ó sì máa yọ àbàwọ́n kúrò lójú àwòrán náà díẹ̀díẹ̀, títí ojú yóò fi lè ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ìwé gan-an, bó ṣe dé la ṣe ń dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ọkọ mi, kí Ọlọ́run tẹ́ ẹ sí afẹ́fẹ́ rere, a máa sọ fún àwọn ará ilé rẹ̀ pé, "Alágbàfọ̀ ni mo fẹ́, àmọ́ ẹ má kó aṣọ wá o."

Bí mo ṣe wọ iṣẹ́ náà kò gùn láti sọ. Ọmọ Pobẹ̀ ni mí. Akọ̀wé ìjọba ni bàbá mi, ó sì fẹ́ kí n di olùkọ́. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò, mo sunkún títí omi tán lójú mi. Àǹtí mi kan tó ń tajà ní Kútọnu ní kí n máa bọ̀, pé òun mọ ayàwòrán kan ní àdúgbò Jọ́nkẹ́ níbẹ̀ tó ń wá ọmọ iṣẹ́. Bàbá Lásísì lorúkọ rẹ̀, mùsùlùmí, Nàgó Ṣakété pọ́nńbélé. Ti owó iṣẹ́ ńkọ́? Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀. Mo jẹun, mo tọ́ ọmọ, n kò jalè.

Nígbà tí Bàbá Lásísì rí mi, ó wo àǹtí mi, ó wò mí, ó ní, "Ọmọbìnrin? Nínú yàrá òkùnkùn?" Nígbà náà, inú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ kò gbọdọ̀ wọ̀ la ti ń fọ fótò; iná pupa kékeré kan ló máa ń wà níbẹ̀. Ọkùnrin tó láya nílé, tó ti ilẹ̀kùn mọ́ ara rẹ̀ àti ọmọge nínú òkùnkùn, ní Jọ́nkẹ́, tí ilé ọtí wà lọ́tùn-ún tí ilé ọtí wà lósì, kí lẹ rò pé aráyé máa sọ? Ó ronú títí, ó ní, "Ṣé ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì ni ẹ́? Ṣé o mọ orin?" Mo ní mo mọ orin. Ó ní, "Ó dáa. Nígbàkúùgbà tí a bá jọ wà nínú ibẹ̀, kí o máa kọrin. Kí o kọ ọ́ sókè, kí ìyàwó mi tó jókòó síta máa gbọ́. Bí orin bá dá, kó ṣílẹ̀kùn."

Báyìí ni mo ṣe di akọrin inú òkùnkùn. Ó wá ya èmi alára lẹ́nu pé orin náà wúlò. Bí fótò bá wọ inú omi oògùn, ẹsẹ orin kan àbọ̀ ló máa ń gbà kó tó yọ dáadáa. Bí mo bá kọ ọ́ parí ẹsẹ kejì, fótò ti dúdú jù nìyẹn. Bàbá Lásísì tí kì í wọ ṣọ́ọ̀ṣì wá mọ ìwé orin wa ju àwọn alàgbà kan lọ. Á ní, "Felisí, eléyìí le, orin Àjíǹde ni kí o kọ fún un." Ìyàwó rẹ̀ á máa rẹ́rìn-ín níta.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹ̀rín ni gbogbo rẹ̀. Ọkùnrin náà le! Fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ oṣù, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan ìwé oníbàárà kankan. Á gbé ìwé àlòkù kan síwájú mi, á ní, "Kí lo rí?"

"Àbàwọ́n ni, Ọ̀gá."

"Àbàwọ́n kí ni?"

"N kò mọ̀, Ọ̀gá."

"Ìwọ tí o kò mọ orúkọ olè, báwo lo ṣe fẹ́ mú un?" Rúlà á sì bà mí lọ́rùn ọwọ́, pàá!

Ó ní kí n lọ fi ọwọ́ ara mi ba ìwé jẹ́ kí n lè mọ̀ ọ́n. Mo da epo pupa sí ọ̀kan, mo da tíì sí òmíràn, mo jẹ obì mo tu oje rẹ̀ sí ẹ̀kẹta. Ó ku ọtí. Bàbá Lásísì kò lè wọ ilé ọtí, mo sì gbọ́dọ̀ mọ bí àbàwọ́n ọtí ṣe ń rí, nítorí ní Jọ́nkẹ́ nígbà náà, ìdajì ìwé tí wọ́n ń gbé wá bá wa ló ti mutí yó. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó rọra ní, "Felisí, ìwọ ọmọ onígbàgbọ́, lọ bá mi bẹ onílé ọtí kó fún ẹ ní ìsàlẹ̀ ìgò." Mo lọ gbà á wá. Gbogbo ìgbà tí mo fi ń dà á sórí ìwé, ṣe ló fi ìka méjì di imú.

Ibẹ̀ ni mo ti kọ́ ọ. Omi máa ń fi etí sílẹ̀, bí ìlà tí òkun ń fà sórí iyanrìn. Epo kì í létí. Ṣe ló máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ gba inú ìwé kọjá bí o bá gbé e sójú oòrùn. Èéfín a máa ti òkè ìwé bẹ̀rẹ̀. Obì a máa pọ́n, bó bá pẹ́ á ṣú. Ojú ni gbogbo iṣẹ́ yìí, ẹ̀yin ọmọ mi, ojú olójú kò sì jọ ojú ẹni. Ẹni tí kò bá lè jókòó ti ohun kan ṣoṣo kó máa wò ó títí, kó yáa lọ gun zémì, kó máa fi alùpùpù gbé èrò káàkiri Kútọnu. Iṣẹ́ ni ìyẹn náà, n kò bú u.

Òfin kan wà tí Bàbá Lásísì kì í fi ṣeré: yọ ohun tí kò yẹ kó wà níbẹ̀, má sì fi ohun tí o kò rí síbẹ̀. Ọkùnrin kan wọlé wá lọ́jọ́ kan, ó mú ìwé ìbí ọmọ rẹ̀ tó ń gbá bọ́ọ̀lù dání. Ó ní omi ti bà á jẹ́, kí a bá òun tún un ṣe. Bó ṣe fẹ́ máa lọ ló rọra fẹnu sí Ọ̀gá létí, ó ní, "Bí ẹ bá ti dé ibi ọdún tí wọ́n bí i, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kó dọmọdé díẹ̀ sí i." Háà! Bàbá Lásísì fa ẹsẹ̀ kámẹ́rà onígi yọ, ó lé e títí dé ẹnu ilé ọtí. Ó padà wọlé, ó ń mí hẹlẹ, ó ní, "Felisí, bí a bá fi irọ́ kan sí i lónìí, ta ni yóò gba èyí tó kù gbọ́ lọ́la?" Ẹ̀rù ń bà mí kó má lọ yí ẹsẹ̀ kámẹ́rà náà sí mi.

Lọ́jọ́ tó dá mi sílẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀kọ́ṣẹ́, tí gbogbo wa níbí ń pè ní lìbéràsíọ̀n, wọ́n da pọ́dà funfun lé mi lórí títí mo fi jọ iwin, àwọn ẹlẹgbẹ́ mi gbé mi yí àdúgbò ká, ijó lọ́tùn-ún, ijó lósì. Bàbá mi wá láti Pobẹ̀. Ọkùnrin tó fẹ́ kí n di olùkọ́, ó wo ìwé tí mo tún ṣe tí wọ́n gbé kọ́ ara ògiri, ó ní, "Kò burú. Ìwé náà ṣáà ni." Inú mi dùn débi pé mo sunkún, pọ́dà sì di ẹ̀kọ lójú mi. N kò kúrò lọ́dọ̀ Bàbá Lásísì lẹ́yìn ìyẹn. Ó ní kí n jókòó ká jọ máa ṣe é, mo sì jókòó.

Irinṣẹ́ wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Ní ìbẹ̀rẹ̀, bíléèdì, búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín àti gíláàsì aláwọ̀ la ń lò. Bí àbàwọ́n bá pupa, a ó fi gíláàsì pupa bo ojú kámẹ́rà, àbàwọ́n á sì sá lọ kúrò nínú fótò, inki nìkan ni yóò kù. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mo rò pé oògùn ni.

Nígbà tó yá ni kọ̀ǹpútà dé, èyí tí àwa ní Kútọnu ń pè ní òdínatọ̀. Rasákì, ọmọ Bàbá Lásísì, tó jẹ́ àbúrò fún mi, ló gbé e wọlé, òun àti sikánà, ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí a ń da ojú ìwé dé lé lórí kó lè yà á. Bàbá yí òdínatọ̀ náà ká, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó ní, "Níbo lẹ ti ń da omi sí i?" Rasákì ní kì í lo omi. Bàbá ní, "Ìfọ̀ tí kì í lo omi? Kò ní í mọ́." Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí Rasákì fi hàn án bí èèyàn ṣe lè tẹ bọ́tìnnì kan kí gbogbo pupa pòórá lójú ìwé, Bàbá fò dìde. Ó pariwo pé, "Gíláàsì mi nìyẹn! Wọ́n ti kó gíláàsì mi sínú àpótí!" Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yìn wa ló ń jókòó sí, tí yóò máa sọ pé, "Ẹ dín pupa kù. Ẹ tún dín in kù." A fi í ṣe yẹ̀yẹ́ títí, àmọ́ kì í ṣì í.

A kó kúrò ní Jọ́nkẹ́ nítorí ariwo ilé ọtí, a lọ sí Kajẹhún. A sá fún ejò, a bá àkekèé pàdé, nítorí ẹ̀gbẹ́ pápákọ̀ òfurufú ni ilé náà wà. Bí ọkọ̀ òfurufú bá fẹ́ gbéra, ilé á mì, sikánà á mì, ìlà tó tọ́ nínú ìwé á sì jáde ní wíwọ́. A wá mọ àkókò ọkọ̀ òfurufú ju àwọn tó fẹ́ wọ̀ ọ́ lọ. Rasákì á gbé ọwọ́ sókè: "Ẹ dúró! Ti Pàrí ń lọ." A ó káwọ́, a ó jẹ àkàrà díẹ̀, títí ilé yóò fi rọlẹ̀. Ibẹ̀ ni Bàbá Lásísì wà títí ọjọ́ fi pé, tí a gbé e lọ sin sí Ṣakété. Mo sunkún rẹ̀ bí ọmọ tó bí. Ó wá ku èmi àti Rasákì.

Bí ẹ bá bi mí bóyá mo kábàámọ̀ pé n kò di olùkọ́, rárá o. Mo rí ìwé ilẹ̀ tó dá ìjà ẹbí dúró, mo rí lẹ́tà ọmọ ogun sí ìyá rẹ̀, mo rí ìwé ìrìbọmi àwọn tí ọmọ wọn kò mọ̀ pé wọ́n ti jẹ́ orúkọ mìíràn rí. Ojú mi ń ro mí báyìí, ẹ̀yìn mi sì ti tẹ̀ díẹ̀, àmọ́ inú mi balẹ̀. Síbẹ̀, ìgbà kan wà tí iṣẹ́ yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú tì mí. Mo ti ń palẹ̀ ẹrù mọ́ láti sinmi nígbà náà.

Obìnrin kan tó ń jẹ́ Rẹ́bẹ́kà ló gbé àpò ọ̀rá kan wá. Ìyá rẹ̀, Ìyá Léà, ṣẹ̀ṣẹ̀ kú, òkú rẹ̀ sì wà ní ilé ìgbókùú-sí, ó ń dúró de ìsìnkú lọ́jọ́ Sátidé ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bàbá rẹ̀, Bàbá Sámúẹ́lì, jẹ́ olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, òun ló sì ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wọn láyé àtijọ́. Ojú rẹ̀ ti fọ́ pátápátá báyìí. Nígbà tó ń gbé Ìyá Léà níyàwó, ó kọ orin kan fún un, orin olóhùn mẹ́rin, ìyàwó náà ló sì máa ń léwájú ohùn òkè. Àwọn méjèèjì ṣe àdéhùn pé ẹni tó bá kọ́kọ́ lọ nínú àwọn, orin náà ni wọn á fi sin ín, wọn á sì gbé ìwé orin náà tì í nínú pósí. Àwọn tí wọ́n jọ kọ ọ́ nígbà yẹn ti kú tán. Ohùn ìsàlẹ̀ tirẹ̀ nìkan ni Bàbá rántí. Ìwé ló kù, àjà ilé ìdáná ni wọ́n sì fi pa mọ́ sí láti ọjọ́ yìí wá.

Mo yọ ọ́ jáde, mo ní, "Yéè! Rẹ́bẹ́kà, ṣé ìwé nìyí àbí àkísà tí ẹ fi ń sọ ìkòkò?" Èéfín wà níbẹ̀, epo wà níbẹ̀, òjò wà níbẹ̀, àwọn eṣinṣin sì ti sọ gbogbo ojú rẹ̀ di ilé ìyàgbẹ́. Ó rẹ́rìn-ín, ẹkún sì tẹ̀ lé ẹ̀rín náà. Ó ní, "Táńtì, ẹ ṣáà bá wa ṣe é. Bí a kò bá kọ orin yìí, Bàbá ní òun ti da ìyàwó òun."

Rasákì ṣẹ̀ṣẹ̀ gba irinṣẹ́ tuntun kan sínú òdínatọ̀ ni. Bí o bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, gbogbo tótótó dúdú tó bá wà lójú ìwé á lọ. Èmi yọ epo àti èéfín bí mo ṣe mọ̀ ọ́n, òun tẹ tirẹ̀, ìwé náà sì mọ́ bí ẹ̀wù àlùfáà. Inú wa dùn, a na ọwọ́ síra wa. Rẹ́bẹ́kà gba ẹ̀dà tuntun fún àwọn akọrin, ó sì gbé ìwé àtijọ́ náà lọ sílé.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìsìnkú, mo ń jẹun ọ̀sán lọ́wọ́ nígbà tí Rẹ́bẹ́kà já wọlé, gèlè rẹ̀ wà lọ́wọ́. Ó ní wọ́n fa bàbá òun lọ́wọ́ lọ gbọ́ àwọn akọrin. Wọn kò tíì kọ ọ́ dé ìdajì tó fi ọ̀pá lu ilẹ̀. Ó ní, "Orin ta ni ẹ ń kọ yẹn? Tèmi kọ́. Tèmi ń rìn. Eléyìí ń wọ́ ẹsẹ̀." Wọ́n ní ohun tó wà nínú ìwé nìyẹn. Ó ní a jẹ́ pé ìwé yín parọ́. Ó ní òun kò ní fi orin ẹlòmíràn sin Léà, bí wọn kò bá rí tòun, kí wọ́n fi òkú sílẹ̀ níbi tó wà.

"Táńtì, àwọn ẹbí ti ń wọkọ̀ bọ̀ láti Pobẹ̀ àti Kétu," ni Rẹ́bẹ́kà wí. "Kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn?"

Mo pa oúnjẹ tì. Mo sáré lọ sídìí òdínatọ̀, mo gbé àwòrán àkọ́kọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ èyí tí a fọ̀. Ẹ̀yin akọrin inú yín mọ bí àwọn àgbà ṣe ń kọ orin sílẹ̀: lẹ́tà dò, rè, mì ni wọ́n ń kọ, wọn á sì fi àwọn àmì tótótó sáàárín wọn. Àmì kan ní kí o pẹ́, òmíràn ní kí o yára, òmíràn ní kí o gun òkè. Àwọn àmì wọ̀nyẹn ni ẹsẹ̀ tí orin fi ń rìn. Irinṣẹ́ Rasákì kò mọ àmì Bàbá yàtọ̀ sí ìgbẹ́ eṣinṣin, ó gbá gbogbo rẹ̀ dànù pọ̀. Àwọn akọrin ìsinsìnyí sì kọ ohun tí wọ́n rí.

Rasákì ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀gbọ́n, mo gbé!"

Mo ní, "A jọ gbé ni. Dìde."

Àwòrán àkọ́kọ́ kò lè gbà wá, nítorí ti Bàbá àti ti eṣinṣin dúdú bákan náà nínú rẹ̀. Àwọn àgbà ní eṣinṣin kò mọ ikú, jíjẹ ni tirẹ̀. Ìwé gan-an la gbọ́dọ̀ rí. Àwa méjèèjì há ara wa sórí zémì kan ṣoṣo, kámẹ́rà wà láyà mi, a forí lé ilé Bàbá Sámúẹ́lì.

A bá ẹ̀gbọ́n olóògbé lójúde, ìyá àgbà kan tó gbójú. Ó ti di gbogbo aṣọ tí wọ́n máa wọ̀ fún àbúrò rẹ̀ sínú ẹrù kan, ìwé orin náà wà láàárín rẹ̀. Mo kúnlẹ̀, mo ṣàlàyé. Ó ní, "Ọmọ mi, dìde. Nínú ẹbí tiwa, a kì í tú ẹrù tí a bá ti dì fún òkú. Ẹni tó bá tú u ń pe òkú padà ni." Mo bẹ̀ ẹ́, Rasákì dọ̀bálẹ̀, ó kàn káwọ́ gbera ni.

Bàbá Sámúẹ́lì ló fi ọ̀pá tọ ọ̀nà jáde wá. "Kí ni wọ́n ń wá nínú rẹ̀?"

Mo ní, "Bàbá, àmì orin yín ni. Ṣé kálámù irin lẹ fi kọ ọ́?"

"Kálámù irin ni. Ọwọ́ mi sì wúwo. Ẹ bi àwọn tí mo kọ́ níwèé."

Àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ rẹ́rìn-ín, ó sì jọ pé ẹ̀rín àkọ́kọ́ nìyẹn nínú ilé náà láti ìgbà tí ìyá ti kú. Mo sọ fún un pé kálámù irin máa ń wọ inú ìwé lọ, ìgbẹ́ eṣinṣin sì máa ń gun orí rẹ̀. Bí ìmọ́lẹ̀ bá ti ẹ̀gbẹ́ wá, kòtò á yàtọ̀ sí òkìtì. Ó ronú díẹ̀. Ó wá tọwọ́ wá ẹrù náà, ó gbé ọwọ́ lé e bí ẹni gbé ọwọ́ lé èjìká èèyàn, ó ní, "Léà, mo yá a díẹ̀ ni. Á padà kí o tó wọṣọ." Òun fúnra rẹ̀ ló tú u. Ìyá àgbà yí ojú sí ẹ̀gbẹ́ kan.

A ti ilẹ̀kùn, a fi aṣọ bo gbogbo fèrèsé, a ṣẹ́ ojú kékeré kan kù. Mo gbé ìwé náà síbi tí oòrùn ti ń wọlé láti ẹ̀gbẹ́, Rasákì ń yà á, a yí i sọ́tùn-ún, a yí i sósì. Ẹ̀yin ọmọ, bí àwọn kòtò wínníwínní yẹn ṣe yọ jáde! Mo pariwo, "Ó wà níbẹ̀! Gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀!" A dá ìwé padà, Bàbá sì dì í bó ṣe wà. Èmi àti Rasákì padà sí Kajẹhún, a ń yọ ti eṣinṣin lọ́kọ̀ọ̀kan, a ń fi ti Bàbá sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Àárọ̀ Jímọ̀, a dé apá ìparí orin náà, mo sì rí ohun kan. Níbì kan nínú ohùn òkè, kò sí lẹ́tà, kò sí àmì. A ti rí òfìfo yẹn tẹ́lẹ̀, a rò pé ìsinmi ni. Ṣùgbọ́n nínú ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́, ojú ìwé ibẹ̀ rí gbágungbàgun: ẹnì kan ti fi bíléèdì ha á. Ohun kan ti wà níbẹ̀ rí. Mo pe olórí akọrin lórí fóònù. Ó ní, "Táńtì, ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, ẹ jẹ́ kí n dí i. Ohùn díẹ̀ péré ni." Rasákì náà ní, "Ẹ̀gbọ́n, ta ni yóò mọ̀?" Kí n má parọ́, ó wu èmi náà. Mo mọ orin, etí mi ti gbọ́ ohun tó bá ibẹ̀ mu. Aago ń sáré, òkú ń dúró. Ṣùgbọ́n ara mi kọ̀ ọ́. Mo ní kí Rẹ́bẹ́kà fún bàbá rẹ̀ ní fóònù.

"Bàbá, ojú kan ṣófo nínú ohùn òkè, níbi tí ẹ ti fẹ́ parí. Ó jọ pé wọ́n ha á kúrò ni."

Ó wá ní, "Èmi ni mo ha á. Ohun tí mo kọ síbẹ̀, Léà kò fẹ́ràn rẹ̀, ó ní ó tutù jù. Ó ń yọ mí lẹ́nu ṣáá. Mo ní kó máa kọ ohun tó bá wù ú, mo mú bíléèdì, mo ha tèmi kúrò."

"Ṣé ẹ rántí ohun tó máa ń kọ níbẹ̀, kí n fi sí i?"

"Kò kọ ọ́ bákan náà rí. Ojoojúmọ́ ló ń yí i padà. Inú a máa bí mi!" Ó mí kanlẹ̀. "Ẹ fi sílẹ̀ fún un, ọmọ mi. Tirẹ̀ ni."

Bẹ́ẹ̀ la ṣe fi sílẹ̀. Mo sọ ọ́ fún olórí akọrin bí Bàbá ṣe wí, wọ́n sì fi gbogbo ọ̀sán Jímọ̀ kọ́ orin náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, èmi àti Rasákì dúró sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Pósí ṣì wà ní ṣíṣí níwájú, ìwé náà wà lábẹ́ ọwọ́ Ìyá Léà, Bàbá Sámúẹ́lì jókòó tì í, ọ̀pá rẹ̀ wà láàárín orúnkún. Àwọn akọrin dìde. Orin náà bẹ̀rẹ̀, ó sì rìn! Ohùn kan ń sáré, ohùn kan ń lé e, ẹsẹ̀ èmi pàápàá kò dúró jẹ́ẹ́. Mo rí ọ̀pá Bàbá tó ń kan ilẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mo sì mọ̀ pé tirẹ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ títí wọ́n fi dé ibẹ̀. Àwọn olóhùn òkè pa ẹnu dé. Ohùn mẹ́ta tó kù ń bá a lọ nísàlẹ̀, kò sì sí nǹkan kan lókè wọn. Bàbá dá ọ̀pá dúró, ó gbé etí sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí pósí wà, gbogbo wa sì ń wò ó.

Àwọn olóhùn òkè tún wọlé, orin sì parí. Bàbá Sámúẹ́lì bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ tún ti mú, omijé ń dà lójú tí kò ríran mọ́ yẹn, ó ní, "Ẹ gbọ́ ọ? Ó tún ti yí i padà!"